Ta Ni Yóò Bá Akmaral Wí?

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín oṣù kan tí Akmaral gé ọmọ ọlọ́mọ jẹ, lọ́tẹ̀ yìí etí ló fi eyín bà. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ìbàdí, ó sì ń wo Salkyn bí ẹni pé eyín Salkyn ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

"Ìyá Akmaral, mo ti sọ ọ́ títí, ó ti sú mi. Ìyá ọmọ tó gé jẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbí ni, díẹ̀ ló kù kó lù mí. Bó bá tún gé ẹnikẹ́ni jẹ ká tó lọ ìsinmi, ẹ má wulẹ̀ mú un padà wá ní oṣù kẹsàn-án. Ẹ wá ilé ẹ̀kọ́ mìíràn."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ilé ẹ̀kọ́ mìíràn wo ló wà lábúlé yìí?"

"Ìyẹn ò kàn mí. Ẹ lọ bá Nọ́ọ̀sì Gulsun. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló ń kọ́ àwọn òbí bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ tó ya pòkíì. Ẹ lọ kọ́ ọmọ títọ́!"

Ẹ lọ kọ́ ọmọ títọ́! Ọ̀rọ̀ náà wọ Salkyn lára. Ta ló bi í léèrè bóyá òun ló ń tọ́ ọmọ náà? Ó na ọwọ́ kó di ọwọ́ Akmaral mú, Akmaral já a gbà.

"Fi mí sílẹ̀, Salkyn! Màmá ni mo fẹ́! Salkyn òpònú!"

Ọmọ ọdún márùn-ún ló ń sọ bẹ́ẹ̀ sí ìyá tó lóyún rẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án. Bẹ́ẹ̀, bí a bá fẹ́ sọ òótọ́, ọmọ náà kò jẹ̀bi. Ohun tí wọ́n fi lé e lẹ́nu ló ń sọ.

Ọjọ́ tí Akmaral pé ogójì ọjọ́ láyé ni Salkyn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún Zurakan, ìyá ọkọ rẹ̀, nítorí àkọ́bí ọmọ, ti òbí ọkọ ni. Wọ́n ki ọmọ náà bọ ọrùn aṣọ Zurakan, wọ́n fà á yọ nísàlẹ̀ aṣọ náà, ó di pé Zurakan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i. Àwọn obìnrin hó yèè, wọ́n pín búrẹ́dì díndín yí ilé ká. Salkyn náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni nígbà náà, wọ́n ní ọ̀wọ̀ ni kí ìyàwó fi àkọ́bí rẹ̀ tọrẹ, òun náà sì gbà pé ọ̀wọ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, Zurakan ni Akmaral ń pè ní Màmá. Bektur, bàbá tó bí i, "ẹ̀gbọ́n" ló ń pè é. Salkyn ní tirẹ̀, Salkyn lásán ni. Bí àlejò bá wọlé, Zurakan á fi ẹnu juwe ìyàwó ilé fún ọmọ náà: "Sọ fún un kó bu tíì wá." Akmaral á na ìka: "Salkyn, tíì!" Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín, Salkyn á sì lọ bu tíì wá.

Ṣé ọmọ tí wọ́n tọ́ báyìí kò ní gé ènìyàn létí jẹ ni?

Èyí tó wá ń ba Salkyn lẹ́rù jù lọ ni ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù tí Zurakan yóò kó àgùntàn àti ẹṣin gun orí òkè lọ síbi koríko tútù, bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún, òun àti Akmaral nìkan nínú àgọ́ fún oṣù mẹ́ta gbáko. Oṣù mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò ní sọ "rárá" sí ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá fi máa sọ̀kalẹ̀ wá, kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí yóò gbà á, kò sì sí ohun tí Salkyn tún lè fi í ṣe mọ́. Bó bá máa rí ọmọ rẹ̀ tọ́, àárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí náà ni.

Ó lọ sọ́dọ̀ Gulsun.

Nọ́ọ̀sì Gulsun kò ga, ó sanra, ohùn rẹ̀ sì lè jí òkú. Yàrá tí wọ́n ti ń gún àwọn ọmọ ọwọ́ lábẹ́rẹ́ ló tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí. Àwọn obìnrin mẹ́fà jókòó yí i ká.

"Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ dá mi lóhùn. Ọmọ ń ké nítorí súìtì, ẹ wá fún un ní súìtì. Kí lẹ kọ́ ọ?"

"Pé kó dákẹ́," ni obìnrin kan dáhùn.

"Irọ́ ńlá! Ẹ kọ́ ọ pé kó máa ké! Òun náà ti rí i pé iṣẹ́ tó lérè ni. Lọ́la á ké ju ti àná lọ. Bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá sì gbá a létí, ẹ ti kọ́ ọ pé ẹni tó bá tóbi jù ló ń gbáni. Òun náà á lọ wá ẹni tó kéré sí i."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gulsun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n máa bá ọmọ ṣeré fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́, lórí ilẹ̀ níbi tí ọmọ wà, kí ọmọ jẹ́ olórí eré, kí ìyá má kọ́ ọ, kí ó má fi ìbéèrè yọ ọ́ lẹ́nu, kó kàn máa sọ ohun rere tó bá rí i tó ń ṣe síta. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ pàṣẹ, kí wọ́n pa á lẹ́ẹ̀kan, kó kúrú, kí wọ́n sọ ohun tí ọmọ yóò ṣe dípò "má ṣe, má ṣe" látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí ọmọ bá sì ju ara rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n má bẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má lù ú, kí wọ́n dúró sí tòsí, kí wọ́n gbójú kúrò. Ní kété tó bá dákẹ́ ni kí wọ́n yìn ín.

"Ẹyọ kan ló kù," ni Gulsun wí, ó na ìka sókè. "Gbogbo ẹni tó ń gbé inú ilé gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹnu kan. Bí ìyá bá ní rárá, tí ẹlòmíràn ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ti ba ọmọ náà jẹ́."

Salkyn wolẹ̀. Obìnrin tó jókòó tì í náà wolẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, nígbà tí Zurakan lọ sí ilé aládùúgbò. Akmaral jókòó sí àgbàlá, ó ń to eegun ọrùn-ẹsẹ̀ àgùntàn sórí ilẹ̀ bí agbo ẹran. Salkyn jókòó tì í.

"O to àwọn àgùntàn rẹ lẹ́sẹẹsẹ," ni ó wí.

Akmaral wò ó bí ẹni wo olè. "Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan kan. Mo ń wò ọ́ ni. O fi èyí tó kéré sáàárín, kí ìkookò má baà rí i."

"Ìkookò ò lè wá. Mo ní ìbọn." Ó ju eegun kan lu Salkyn. Salkyn gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ọmọ náà padà sídìí eré rẹ̀, Salkyn náà tún bẹ̀rẹ̀: "O ti ń da wọn lọ síbi omi báyìí."

Ó ṣe é lọ́jọ́ kejì, ó ṣe é lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ kẹrin, Akmaral fúnra rẹ̀ ló fà á láṣọ.

"Salkyn, ìwọ ni ajá. Máa ṣọ́ wọn. Gbó!"

Salkyn gbó. Akmaral rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú lulẹ̀, orí rẹ̀ bá balẹ̀ sórí itan Salkyn, kò sì gbé e kúrò. Ọdún márùn-ún rèé tí orí náà ti wà lórí itan ẹlòmíràn. Salkyn kò mira. Inú rẹ̀ dùn, ó rọra ń gbó lábẹ́ ahọ́n, kí eré má baà tán.

"Ẹ wá wò ó!"

Zurakan ló dúró lẹ́nu géètì.

"Ìyàwó ilé mi ti di ajá! Màlúù ń ké kó rí ẹni fún wàrà rẹ̀, ìyàwó jókòó sínú erùpẹ̀, ó ń gbó! Dìde jàre. Akmaral, ọkàn mi, máa bọ̀ lọ́dọ̀ Màmá, wo ohun tí mo mú bọ̀ fún ọ."

Súìtì ni. Ìgbà wo ni kì í ṣe súìtì! Akmaral fò dìde, ó tẹ Salkyn lọ́wọ́ mọ́lẹ̀ kọjá.

Salkyn kò juwọ́ sílẹ̀, ó ń ṣe é lọ ní kọ̀rọ̀, bíi pé olè ló wá jà nílé ara rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan àti ààbọ̀ ọmọ náà kò gé ẹnikẹ́ni jẹ. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gan-an sọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́." Salkyn sùn dáadáa lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e ni gbogbo rẹ̀ bàjẹ́.

Ó mú Akmaral dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù kó tó lọ sí ìpàdé Gulsun. Ìyẹ̀fun àti iyọ̀ ló fẹ́ rà. Akmaral rí ṣokoléètì lórí àtẹ.

"Gbé yẹn fún mi."

"Kì í ṣe lónìí. Bá mi gbé iyọ̀ yìí dání."

Ọmọ náà ju ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ lu àtẹ, ó ké, ó fi orí gbá ilẹ̀, ó pe Salkyn ní gbogbo orúkọ tó wá sí i lẹ́nu. Àwọn ènìyàn márùn-ún ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà, gbogbo wọn ló yíjú.

"Rà á fún un jàre," ni oníṣọ́ọ̀bù wí, "etí ń dùn wá."

"Bóyá kò lówó lọ́wọ́," ni ẹlòmíràn wí.

"Owó wà lọ́wọ́ mi," ni Salkyn wí. Ojú tì í, ṣùgbọ́n ó fẹ̀yìn ti àpò ìyẹ̀fun, ó ń wo àjà. Ó ń ka ení, èjì, lọ́kàn, bí Gulsun ṣe ní kí wọ́n máa ṣe. Igbe náà ga sí i. Ó tún ga sí i. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Akmaral mí kanlẹ̀, ó dìde jókòó, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Ó ti parí! Òun fúnra rẹ̀ ló dákẹ́, láìsí ìgbátí, láìsí ṣokoléètì! Salkyn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti la ẹnu láti yìn ín.

"Ta ló pa ọmọ mi lẹ́kún?"

Zurakan ti gbọ́ igbe náà láti òpópónà. Ó ya wọlé, ó gbé ọmọ náà sókè, ó ju owó sórí àtẹ. "Fún mi ní méjì. Méjì! Ọkàn mi, ta ló ṣe é fún ọ? Salkyn ni? Salkyn burúkú. Gbá a! Gbá a létí, kó mọ̀ pé o lẹ́ni."

Akmaral wo Salkyn. Fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan, ó dà bí ẹni pé kò fẹ́. Zurakan di ọwọ́ kékeré náà mú, ó fì í: "Gbá a, n ò ní bá ọ wí." Ọmọ náà bá gbá a. Ó dún pàù. Àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín, nítorí ohun tí gbogbo wọn máa ń ṣe nílé náà nìyẹn, àwàdà ni lójú wọn. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà márùn-ún ló wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn o! Gbogbo wọn ló jọ ń tẹ orí náà kó wọ́ dáadáa.

Kò sí ìbínú tó burú tó ti ẹni tí kò gbọdọ̀ bínú. Salkyn fi ìyẹ̀fun àti iyọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ó jáde, kò sì dúró títí ó fi dé yàrá Gulsun. Kò bọ́ bàtà kó tó gun kápẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ̀kọ́ yín kò wúlò!"

Gulsun gbójú sókè. "Salkyn, jókòó."

"N ò jókòó! Ẹ ní kí n ṣeré, mo ṣe é. Ẹ ní kí n dúró, mo dúró. Ọmọ náà dákẹ́, Àǹtí Gulsun, ó dákẹ́ fúnra rẹ̀, wọ́n sì ní kó gbá mi létí nítorí pé ó dákẹ́! Ẹ ń kọ́ wa bí a ṣe ń tọ́ ọmọ tí kò sí lọ́wọ́ wa. Ṣé ẹ kò gbé ìlú yìí ni? Ẹ ń fún ẹni tí kò ní ẹṣin ní gàárì!"

Gulsun wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ Salkyn tó pọ́n, lẹ́yìn náà ló yíjú sí àwọn tó kù.

"Ẹ̀yin mélòó ni àkọ́bí yín wà lọ́wọ́ ìyá ọkọ?"

Ọwọ́ kan gòkè, wọ́ọ́rọ́wọ́. Òmíràn gòkè. Ó di mẹ́rin pẹ̀lú ti Salkyn. Gulsun fi ọwọ́ gbá iwájú orí ara rẹ̀.

"Èmi gan-an ni mo gọ̀," ni ó wí. "Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń da omi sínú agbọ̀n. Ìyá ọkọ mi ló tọ́ àkọ́bí tèmi náà, àǹtí ló ń pè mí títí dòní, síbẹ̀ kò wá sí mi lọ́kàn. Àwọn ìyá àgbà ló yẹ kí n pè."

"Ta ló fẹ́ lọ sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé kó wá kọ́ ọmọ títọ́?" ni obìnrin kan bi í. "Ayé ha sú olúwa rẹ̀ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pẹ́ kí ẹ̀rín náà tó kú.

"Èmi á sọ ọ́," ni Salkyn wí.

Ó sì sọ ọ́ ní ọjọ́ náà gan-an, nídìí tíì ìrọ̀lẹ́. Bektur ń gé búrẹ́dì. Elaman, ọmọ wọn kejì tó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́jọ, ń sùn nínú ibùsùn onígi rẹ̀. Akmaral ń wo fóònù nínú yàrá kejì, ẹnu rẹ̀ kún fún ṣokoléètì.

"Màmá, Nọ́ọ̀sì Gulsun ní kí ẹ bá wọn dé ìpàdé lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀."

"Kí n wá ṣe kí ni? Ṣé kí n wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ni?"

"Wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀ bí a ṣe ń tọ́ ọmọ."

Zurakan rọra gbé abọ́ tíì rẹ̀ kalẹ̀. "Bektur, ṣé o gbọ́? Gulsun tí mo rí nígbà tó ń fi ìdí wọ́lẹ̀, òun ni yóò kọ́ mi ní ọmọ títọ́. Èmi abiyamọ ọlọ́mọ márùn-ún!"

"Salkyn, fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀," ni Bektur wí, ojú rẹ̀ kò kúrò lára búrẹ́dì.

"N ò fi í sílẹ̀, Bàbá Elaman. Ìwọ lo máa ń fi gbogbo nǹkan sílẹ̀." Ó yíjú sí Zurakan. "Màmá, ẹ ní kó gbá mi létí lójú gbogbo ayé. Àwọn ọmọ mẹ́ta ló ti gé jẹ. Ta ló kọ́ ọ pé bí ènìyàn bá ṣẹ̀ ẹ́, kó ṣe é léṣe? Ẹ̀yin náà ni! Ẹ ń kẹ́ ẹ bàjẹ́. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, ẹ̀yin gan-an lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa ọmọ àwọn ará ilé kejì!"

"Ọmọ ta ni ìwọ ń bá mi jà lé lórí?"

"Ọmọ mi! Èmi ni mo bí i!"

"O fún mi! Ọwọ́ rẹ méjèèjì yìí lo fi gbé e fún mi!"

"Ta ló bi mí bóyá mo fẹ́?"

"Ta ló bi èmi?"

Zurakan ti dìde dúró. Bektur fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ta ló bi èmi, Salkyn? Ọmọ ogún ọdún ni mí tí wọ́n gba Bolot, àkọ́bí mi, lọ́wọ́ mi. Omi ọyàn ń ya lára mi, wọ́n fi aṣọ dì í gírígírí kó lè gbẹ. Ìyá ọkọ mi ní kí n lọ fún wàrà ẹṣin, mo lọ. Mò ń gbọ́ igbe ọmọ mi nínú ilé, mò ń fún wàrà. Bolot ti di ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì báyìí. Nígbà tí ìyá ọkọ mi kú, Bolot na ara rẹ̀ sílẹ̀, ó ń ké pé 'Màmá mi ti lọ, mo ti di aláìníìyá'. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo dúró sí! Èmi tí mo bí i! Títí dòní, bó bá pè mí, 'Zurakan, ara yín ńkọ́?' ló ń wí. Mo dákẹ́. Mo ní kò burú, wọ́n gba tèmi, èmi náà á gba. Ọjọ́ tí Akmaral gba inú aṣọ mi kọjá, mo ní Ọlọ́run ti dá a padà fún mi. Ìwọ wá fẹ́ kí n sọ rárá fún un. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́? Bó bá wá kórìíra mi ńkọ́?"

Àánú ṣe Salkyn. Ó ṣe é gan-an. Ṣùgbọ́n àánú náà kò lé ìbínú lọ, ńṣe ló tún rọ epo sí i.

"Ẹ mọ bó ṣe dùn yín tó," ni ó wí. "Ẹ mọ̀ ọ́n fún ogójì ọdún ó lé. Ẹ sì ṣe é fún mi."

Zurakan mú aṣọ òtútù rẹ̀, ó jáde lọ bá àwọn ẹran.

Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ Ẹtì, ìyá àgbà méjì ló wá sí ìpàdé Gulsun, wọ́n sì fi ìdajì àkókò náà bú Gulsun. Zurakan kò wá. Nílé, ó ń yọ́ bọ́tà, ó ń di ìyẹ̀fun sápò, ó ń ran àgọ́ tó ya, ó sì ń gbé Akmaral pọ̀n bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ náà ti tóbi ju kí wọ́n máa pọ̀n ọ́n lọ. Salkyn ń wò ó. Ó ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ó ti parí. Ó di ẹrù ọmọ náà fúnra rẹ̀: ibùsùn tó ká pọ̀, bàtà òjò pupa, aṣọ òtútù méjì.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, Bektur kó gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, àwọn igi àgọ́ lókè, sítóòfù nísàlẹ̀. Àwọn tó ń da ẹran ti lọ láti ìdájí. Akmaral ń fò sókè sódò, ó ń kọrin. Zurakan jáde, ó ti wé gèlè funfun rẹ̀, ojú rẹ̀ wú.

"Bektur! Sọ ẹrù ọmọ yẹn kalẹ̀."

"Èwo, Màmá?"

"Ṣé o dití ni? Ẹrù Akmaral! Sọ̀ ọ́ kalẹ̀!"

Ó fúnra rẹ̀ fa ibùsùn náà jáde nígbà tí Bektur ń ronú, ó jù ú síwájú ẹsẹ̀ Salkyn, eruku sọ.

"Gbà. Kì í jẹ ọ̀rá ẹran, má fi tipátipá fún un. Bó bá fẹ́ sùn, etí ènìyàn ló máa ń dì mú, jẹ́ kó dì í. Bó bá jí lójú oorun tó ń ké, fún un lómi, má tan iná sí i lójú. Bí mo bá gbọ́ pé o fi ọwọ́ kàn án, màá sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè wá gé ọwọ́ náà."

"Màmá..."

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Inú ń bí mi. Inú ń bí mi sí ọ, inú ń bí mi sí òkú ìyá ọkọ mi tó ti jẹrà. Má bá mi sọ̀rọ̀ rárá."

Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú Akmaral. Kò fi ẹnu kàn án ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, bóyá ó mọ̀ pé bí òun bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun kò ní lè lọ. "Ìyá rẹ nìyí. Dúró tì í." Ó gun ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Bektur, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Akmaral rò pé eré ni. Ó ń rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi ṣí, títí ó fi yà jáde ní géètì. Nígbà náà ló sáré. Ó sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ náà ní òpópónà, nínú eruku, ó ń pe Màmá, títí ó fi kọsẹ̀ tó ṣubú lulẹ̀. Ọkọ̀ kò dúró. Ọmọ náà ju orí sẹ́yìn, ó sì figbe ta.

Kì í ṣe igbe ti ṣọ́ọ̀bù o. Salkyn ti gbọ́ gbogbo igbe tó wà lẹ́nu ọmọ yìí, kò gbọ́ èyí rí. Kò sí nǹkan kan nínú gbogbo ohun tí Gulsun kọ́ wọn tó bá a mu. Ta ni yóò gbójú kúrò níbi ẹkún bẹ́ẹ̀? Ó sáré lọ, ó jókòó sínú eruku lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwọn aládùúgbò ti yọjú.

"Gbá a létí kan, á dákẹ́!"

"Ra súìtì fún un, ìwọ náà!"

"Ẹ fi wá sílẹ̀!" Salkyn jágbe mọ́ wọn. Ìyàwó ilé kì í jágbe mọ́ àgbà ní òpópónà, òun jágbe. "Ẹ padà sílé yín! Ẹ fi wá sílẹ̀!"

Ó na apá kó gbé ọmọ náà. Akmaral gé e jẹ ní apá, eyín wọlé dáadáa. Ó dùn ún dé egungun, ṣùgbọ́n kò fa apá náà. Akmaral fúnra rẹ̀ ló tú u sílẹ̀.

"Ìwọ lo lé Màmá lọ!"

Salkyn ì bá sọ pé òun kọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni," ni ó wí. "Èmi ni."

"Mo kórìíra rẹ!"

"Mo gbọ́. Màmá lo fẹ́. Inú ń bí ọ gan-an."

Ọmọ náà fi ìkúùkù lu ilẹ̀, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Oòrùn ti gòkè, eruku ọkọ̀ ti rọlẹ̀, àwọn aládùúgbò ti wọlé. Ó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òsúkè. Ó nu imú sí apá aṣọ rẹ̀.

"Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀?"

Ọ̀la ló wá sí Salkyn lẹ́nu. Ohun tí gbogbo ayé máa ń sọ fún ọmọ nìyẹn kó lè dákẹ́: ọ̀la, láìpẹ́, wọ́n lọ ra nǹkan bọ̀ fún ọ. Á dákẹ́ lóòótọ́, á bá a wọlé, á jẹun.

"Ó di oṣù mẹ́ta," ni ó wí. "Ó pẹ́. Tí ẹ̀gbọ́n rẹ Bektur bá gbé oúnjẹ lọ fún wọn, a ó jọ lọ wò wọ́n, ṣùgbọ́n a ó padà wá sílé."

Ojú Akmaral fà ro, ó sì tún bú sẹ́kún láti ìbẹ̀rẹ̀. Salkyn tún na apá tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀ sí i. Kò wá. Salkyn kò sì ká apá náà kò.